Orí Bíbẹ́ Kọ́ Ni Oògùn Orí Fífọ́: Ẹ Yé Fọ́mátì Láptọ́ọ̀pù Tí Kò Bọ́ọ̀tù

Bí láptọ́ọ̀pù tó ń lo Linux bá kọ̀ tí kò bọ́ọ̀tù, yálà ní Ìkàrẹ́ tàbí ní Ọ̀kà, tàbí ní Àkùngbá tó wà láàárín àwọn méjèèjì, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ẹni tó ni ín sábà máa ń gbọ́ ni: "Ẹ jẹ́ ká fọ́mátì ẹ̀." Ọ̀rẹ́ tó wà ní yàrá kejì á sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lẹ́bàá títì náà á sọ bẹ́ẹ̀. Èrò tiwa yàtọ̀, a ò sì ní fi bò: fọ́mátì kì í ṣe àtúnṣe, ìparẹ́ ni. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà tí Linux tí wọ́n gbé ka orí LVM bá kọ̀ láti bọ́ọ̀tù, gbogbo iṣẹ́ yín ṣì wà nínú díìsìkì. Ẹnu ọ̀nà ló bàjẹ́, kì í ṣe inú yàrá.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré ní àsìkò pùrójẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó ti kó ìwé ìbéèrè káàkiri abúlé, tó ti tẹ èsì rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, tó ti kọ orí kẹrin tán, tó ku orí karùn-ún nìkan: bí wọ́n bá fọ́mátì ẹ̀rọ olúwarẹ̀, kì í ṣe Ubuntu nìkan ló lọ. Oṣù mẹ́fà iṣẹ́ ló lọ, ó sì lè di ọdún kan mìíràn níléèwé. Ìdí nìyẹn tí a fi ń bínú sí ọ̀rọ̀ "fọ́mátì ẹ̀" tí wọ́n ń sọ bí ẹni pé wọ́n ní kí èèyàn lọ pààrọ̀ bàtà.

Linux sì ń pọ̀ sí i lọ́wọ́ wa, ó nídìí. Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń rà. Windows 11 kò gba ọ̀pọ̀ nínú wọn, nítorí ó ń béèrè TPM 2.0 àti prosẹ́sọ̀ tí kò tíì pẹ́ jù. Microsoft sì ti fòpin sí àtìlẹ́yìn rẹ̀ fún Windows 10 ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025. Ubuntu, tí Mark Shuttleworth ọmọ South Africa dá sílẹ̀ ní 2004, kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ tó ti dàgbà díẹ̀. Nígbà tí a bá ń gbé e sórí ẹ̀rọ, ó ní ibi tí a ti lè yan LVM, ó sì ní ibi tí a ti lè ní kí ó fi ọ̀rọ̀ aṣínà ti díìsìkì pa. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń tẹ bẹ́ẹ̀ ni láìmọ ohun tí wọ́n yàn. Ìgbà tí ẹ̀rọ bá kọ̀ ni wọ́n tó ń gbọ́ orúkọ LVM.

LVM kò le tó bí orúkọ rẹ̀ ṣe rí. Ẹ fi ojú ilẹ̀ ẹbí wò ó. Ká ní ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mẹ́ta ní ilẹ̀ oko lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n wá pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ di ilẹ̀ ẹbí kan ṣoṣo. Olórí ẹbí á máa gé e fún oníkálùkù bí àìní rẹ̀ bá ṣe tó. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá tó, wọ́n á fi kún un láti inú èyí tó kù, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kó kúrò nílé. Oko tí wọ́n kó wá ni LVM ń pè ní physical volume. Ilẹ̀ ẹbí tó para pọ̀ ni volume group. Ìpín tí wọ́n gé ni logical volume. Ọ̀kan nínú àwọn ìpín wọ̀nyí ni gbogbo Linux yín ń gbé, òun ni à ń pè ní root. Heinz Mauelshagen ló kọ LVM fún Linux ní 1998, ó sì fi èyí tó wà lórí HP-UX ṣe àwòkọ́ṣe. Ìwé ìpín ilẹ̀ náà wà lórí díìsìkì fúnra rẹ̀, ẹ̀dà rẹ̀ sì tún wà nínú /etc/lvm/backup àti /etc/lvm/archive.

Ibẹ̀ ni wàhálà bíbọ́ọ̀tù ti ń wá. Bí ẹ bá tan ẹ̀rọ, GRUB á gbé kernel dìde. Kernel ní láti wọ root kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n root wà lórí ilẹ̀ ẹbí, irinṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n kà, ìyẹn ìwé ìpín ilẹ̀, sì wà nínú root. Ó dà bí ẹni tó ti ilẹ̀kùn tó sì gbàgbé kọ́kọ́rọ́ sínú ilé. Ọgbọ́n tí wọ́n ta sí i ni àpò kékeré kan tó ń jẹ́ initramfs, tó ń gbé nínú /boot. Ẹ̀dà kọ́kọ́rọ́ wà nínú àpò yìí: irinṣẹ́ LVM, dráífà díìsìkì, àti cryptsetup fún ẹni tó bá fi ọ̀rọ̀ aṣínà ti díìsìkì pa. Kernel á tú àpò, á fi ohun inú rẹ̀ jí volume group, á wọ root, iṣẹ́ àpò parí nìyẹn. Kernel tuntun kọ̀ọ̀kan ló ní àpò tirẹ̀. Bí wọn kò bá di àpò náà dáadáa, ẹ̀rọ kò ní rí ọ̀nà wọlé. Ṣùgbọ́n ilé dúró, ẹrù inú rẹ̀ sì pé.

Kí ló ń ba àpò yìí jẹ́ lọ́dọ̀ wa? Iná ni olórí wọn. Gbogbo wa la rí i bí grid orílẹ̀-èdè yìí ṣe ń wó lulẹ̀ léraléra ní 2024, ká má tíì sọ ti iná tó ń lọ tó ń bọ̀ lójoojúmọ́. Bátìrì láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tó ti kú kò lè dá ẹ̀rọ dúró fún ìṣẹ́jú kan. Bí iná bá lọ nígbà tí Ubuntu ń di àpò kernel tuntun lọ́wọ́, ààbọ̀ àpò ni yóò kù. Èkejì ni /boot tó kún. Bí ẹ bá yan ọ̀rọ̀ aṣínà, /boot sábà máa ń dá wà lórí ààyè kékeré tirẹ̀. Àwọn kernel àtijọ́ á kún ibẹ̀, ti tuntun kò ní ríbi jókòó. Ẹ̀kẹta ni bátìrì kóróńfó inú ẹ̀rọ, èyí tó ń jẹ́ CMOS. Bí ó bá kú, aago ẹ̀rọ á padà sẹ́yìn, ètò inú BIOS sì lè padà sí bí ó ṣe wà nígbà tí wọ́n ṣe é. Lórí àwọn láptọ́ọ̀pù kan, ìyẹn lè gbé díìsìkì kúrò ní AHCI sí RAID, Linux kò sì ní rí i mọ́. Ẹ̀kẹrin ni ẹni tó yí orúkọ volume group padà tí kò sọ fún GRUB. Nínú gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò sí èyí tí fọ́mátì jẹ́ oògùn rẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ọ̀rọ̀ àdúgbò wa lásán ni, kó rántí ọjọ́ 19 oṣù keje ọdún 2024. Ilé iṣẹ́ CrowdStrike fi àtúnṣe kan ránṣẹ́ sí àwọn ẹ̀rọ Windows, àtúnṣe náà ní àléébù, ẹ̀rọ tí Microsoft fojú bù sí mílíọ̀nù 8.5 sì dákú káàkiri ayé. Ọkọ̀ òfuurufú kò gbéra, báńkì àti ilé ìwòsàn dúró gbọnrangandan. Ta ló fọ́mátì ẹ̀rọ ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà? Ohun tí wọ́n ní kí àwọn òṣìṣẹ́ ṣe ni pé kí wọ́n gba ọ̀nà ẹ̀bùrú wọlé, kí wọ́n pa fáìlì kan ṣoṣo rẹ́, kí wọ́n sì tan ẹ̀rọ padà. Ẹni tó mọ iyì ohun tó wà nínú díìsìkì kì í sáré fọ́mátì. Kí ló dé tí pùrójẹ́ẹ̀tì ọmọ tálákà kò fi ní iyì tó bẹ́ẹ̀?

Ohun tí a ń bẹ̀ yín fún ni pé kí ẹ bi ẹ̀rọ ní ìbéèrè mẹ́ta kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan fọ́mátì.

Ìbéèrè kìíní: ibo ló dúró sí? Ẹ má pa á, ẹ má tan án, ẹ ka ohun tó kọ sójú, kí ẹ sì fi fóònù yà á. Bí ó bá jẹ́ "grub rescue>" ló kọ, kò tíì dé ọ̀dọ̀ kernel rárá. Bí ó bá kọ "Kernel panic" tó sì fi "unknown-block(0,0)" parí rẹ̀, kernel ti jí, ṣùgbọ́n ó sábà máa ń jẹ́ pé kò rí àpò rẹ̀. Èyí ló rọrùn jù: ẹ tan ẹ̀rọ padà, ẹ tẹ Esc tàbí Shift kí GRUB lè yọjú, ẹ lọ sí "Advanced options", kí ẹ yan kernel tó ṣáájú èyí. Àpò ti àná kò bàjẹ́ nítorí pé ti òní bàjẹ́. Bí ó bá jẹ́ "ALERT!" ló kọ, tó ní /dev/mapper báyìí-báyìí "does not exist", tó sì gbé yín sí "(initramfs)", ó rí àpò, àmọ́ kò rí ilẹ̀. Bí ó bá sì ní kí ẹ ṣe fsck fúnra yín, ó ti rí ilẹ̀, ó kàn fẹ́ kí ẹ bá òun tún un tò ni.

Ìbéèrè kejì: ǹjẹ́ ẹ̀rọ rí díìsìkì? Níbi "(initramfs)" yẹn, ẹ tẹ blkid. Bí díìsìkì yín kò bá sí níbẹ̀ rárá, LVM kò ní ẹ̀sùn láti dáhùn. Ẹ lọ wo BIOS, bóyá AHCI ti di RAID, kí ẹ sì wo aago bóyá ó ti padà sí ọdún àtijọ́.

Ìbéèrè kẹta: ǹjẹ́ LVM rí ilẹ̀ ẹbí? Ẹ tẹ lvm vgs. Bí orúkọ volume group bá jáde, ẹ tẹ lvm vgchange -ay láti jí i, kí ẹ sì tẹ exit. Ó ṣeé ṣe kí ẹ̀rọ máa bá tirẹ̀ lọ bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣe é. Bí kò bá lọ, ẹ tẹ cat /proc/cmdline, kí ẹ fi orúkọ tí GRUB ń pè níwájú root= wé èyí tí lvm lvs sọ. Ohun kan wà tó ń rú èèyàn lójú níbẹ̀: bí orúkọ bá ní dáàṣì nínú, /dev/mapper á kọ ọ́ ní méjì. Volume group ubuntu-vg á di ubuntu--vg. Kì í ṣe àṣìkọ, ẹ má pa ọ̀kan rẹ́. Bí orúkọ bá yàtọ̀ lóòótọ́, ẹ tẹ "e" lójú GRUB, ẹ tún un kọ, kí ẹ sì tẹ Ctrl àti X. Ti ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni àtúnṣe yẹn, ṣùgbọ́n ó tó láti wọlé.

Bí ẹ bá ti wọlé, ẹ kọ́kọ́ da iṣẹ́ yín kọ sí ibòmíràn. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wo df -h /boot. Bí ó bá kún, sudo apt autoremove á kó kernel àtijọ́ kúrò. Kí ẹ wá di àpò tuntun: sudo update-initramfs -u -k all, kí sudo update-grub tẹ̀lé e. Ẹni tó ń lo Fedora tàbí Rocky, sudo dracut -f --regenerate-all ni tiyín.

Bí gbogbo èyí kò bá ṣiṣẹ́, fláàṣì tí Ubuntu wà lórí rẹ̀ ló kàn. Ẹ gbé e wọlé, ẹ yan "Try Ubuntu", ẹ má yan "Install". Bí díìsìkì bá ní ọ̀rọ̀ aṣínà, ẹ fi sudo cryptsetup open ṣí i ná. Ẹ tẹ sudo vgchange -ay, ẹ tẹ sudo lvs, kí ẹ sì fi mount -o ro so ìpín tó bá fi hàn mọ́ /mnt. Fáìlì yín nìyẹn. Ẹ dà á kọ. Ìgbà tí iṣẹ́ yín bá ti wà níbi méjì ni kí ẹ tó ronú àtúnṣe, bóyá fsck ni o, bóyá chroot láti tún àpò dì ni o.

Nǹkan méjì ni èèwọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ pvcreate lórí díìsìkì náà pé òun fẹ́ "dá LVM padà". Ó dà bí ìgbà tí èèyàn kọ ìwé ilẹ̀ tuntun lé ti àtijọ́ lórí. Ẹ má sì ṣe fsck sórí root tó wà ní ṣíṣí. Bí díìsìkì bá ń dún kọ́-kọ́-kọ́, ẹ pa ẹ̀rọ náà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ gbé e fún ẹni tó mọ̀ nípa yíyọ fáìlì. Irú èyí ni ìgbà tí yàrá fúnra rẹ̀ ń jó, kì í ṣe ẹnu ọ̀nà.

A ò bá àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe jà. A mọ̀ pé fọ́mátì ní iye tí wọ́n ń gbà fún un, wọ́n sì mọ ìgbà tí yóò parí. Ṣùgbọ́n kí èèyàn jókòó wákàtí méjì kó máa wá àléébù, kó wá rí i pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni yóò tẹ̀, ta ni yóò sanwó ìyẹn fún un? Àwa oníbàárà gan-an la máa ń sọ pé, "Ṣé ohun tí ẹ ṣe náà nìyẹn?" tí a ó sì fẹ́ san ìdajì. Bí a bá fẹ́ kí wọ́n yé bẹ́ orí, àfi kí a gbà láti san owó àyẹ̀wò, kí a sì sọ ọ́ síwájú pé: "Ẹ má fọ́mátì. Ẹ bá mi yọ fáìlì mi, màá san tọ̀hún." Ẹni tí kò sọ bẹ́ẹ̀ kó tó gbé ẹ̀rọ sílẹ̀, ó ti fi ìpinnu sọ́wọ́ ẹni ẹlẹ́ni.

Àwọn kan á ní, ṣebí gbogbo èyí á tán bí èèyàn bá ń kó iṣẹ́ rẹ̀ sórí Google Drive. Òótọ́ ni, ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ dátà kì í ṣe omi òjò. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, NCC fọwọ́ sí i pé kí àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifóònù fi owó kún owó, tó lè tó ìdá 50 nínú 100. Ubuntu 24.04 nìkan tó nǹkan bíi gígábáìtì 6 láti wà jáde. Ẹni tí wọ́n fọ́mátì ẹ̀rọ rẹ̀ á tún ra dátà gbogbo áàpù tó ti ní tẹ́lẹ̀. Fọ́mátì kì í ṣe ọ̀fẹ́ fún ẹni tí kò ní fáìlì pàtàkì pàápàá.

Àwọn mìíràn á ní, kí ló dé tí èèyàn fi ń lo LVM nígbà náà? A gbà fún wọn díẹ̀. Ẹni tó ní díìsìkì kan, tí kò fi ọ̀rọ̀ aṣínà tì í, tí kò sì ní pín in kiri, lè gbé ayé rẹ̀ láìsí LVM. Ẹni tó bá sì fi díìsìkì méjì ṣe volume group kan lórí ẹ̀rọ tòkunbọ̀, kó mọ̀ pé bí ọ̀kan bá kú, èkejì lè má dá dúró. Ṣùgbọ́n láptọ́ọ̀pù a máa sọnù nínú ọkọ̀, wọ́n a sì máa jí i ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Ọ̀rọ̀ aṣínà lórí díìsìkì ni kì í jẹ́ kí olè ka lẹ́tà yín, LVM ni Ubuntu sì sábà máa ń gbé ka orí rẹ̀. Ohun tí a kò fẹ́ ni kí èèyàn yan nǹkan láìmọ̀ ọ́n, kó sì tún pa á rẹ́ láìmọ̀ ọ́n.

Nítorí náà, àbá wa rèé. Kí ilé akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan, láti Ìkàrẹ́ títí dé Ìwárò-Ọ̀kà, ní fláàṣì kan tí Ubuntu wà lórí rẹ̀, kí gbogbo èèyàn mọ ọwọ́ ẹni tó wà. Kí àwọn tó ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà fi VirtualBox dá ẹ̀rọ àfẹ́nujẹ́ kan, kí wọ́n fi vgrename yí orúkọ volume group rẹ̀ padà, kí wọ́n tan án padà, kó kọ̀, kí wọ́n sì tún un ṣe. Ẹni tó ti ṣe é lẹ́ẹ̀mejì níbi tí kò sí nǹkan láti pàdánù kò ní gbọ̀n lọ́jọ́ tí ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá kọ̀. A mọ̀ pé wọ́n ń béèrè bí kọ̀ǹpútà ṣe ń bọ́ọ̀tù nínú ìdánwò. Ẹ jẹ́ kí ìdáhùn yẹn wúlò lẹ́yìn ìdánwò. Ẹ̀yin àgbà wa tí ẹ ti jáde, tí ẹ ń tọ́jú sáfà ní Èkó àti lókè òkun, ohun tí ẹ ń ṣe lójoojúmọ́ nìyí. Ẹ fún wa ní wákàtí kan lórí fídíò nígbà tí pùrójẹ́ẹ̀tì bá ń lọ lọ́wọ́. Ó lè jẹ́ ohun tí yóò jẹ́ kí ẹnìkan jáde lọ́dún yìí nìyẹn.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì na ọwọ́ sí láptọ́ọ̀pù yín lọ́la tó ní "ẹ jẹ́ ká fọ́mátì ẹ̀," ẹ bi í ní ìbéèrè kan péré: "Ṣé ẹ ti tẹ vgchange?" Bí kò bá mọ ohun tí ẹ ń wí, ẹ gba láptọ́ọ̀pù yín lọ́wọ́ rẹ̀.